Sàráà Ti Jáde Kí Abẹ́rẹ́ Tó Wọlé

Ọmọkùnrin tó ń ya àwòrán inú ara mi ń bá mi tàkúrọ̀sọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ọmú mi òsì. Ó ti bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ó ti ní ìyá òun náà wà nínú kwáyà, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí oje tútù tí òun ń fi pa mí láyà. Nígbà tó dé òsì, ó dákẹ́. Ó ń ti irin kékeré ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ń tì í bọ̀, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó tún tì í padà sí ojú kan náà. Èmi télọ̀ mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń gé aṣọ tó ń kọrin, tí orin náà wá dá wáí, ẹ dìde lọ wò ó, ó ti gé ibi tí kò yẹ.

Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà wò ó, ó ní kí n wọṣọ, kí n mú èsì lọ bá dókítà tó rán mi wá.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ní ọsibítù aládàáni kan ní Sángó. Ọmọ mi àkọ́bí kò ju ú lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ka èsì náà, ó gbé e kalẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò hàn kedere. Ó lè jẹ́ ẹran ọmú tó kàn le lásán, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Síkáànù yìí nìkan ò lè sọ fún wa.”

Mo ní kí wá ni ṣíṣe. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè dúró fún oṣù díẹ̀, ká tún un yà, ká wò ó bóyá ó ti yí padà. Tàbí kí n lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Èkó, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Báyọ́pìsì ni wọ́n ń pè é. Èmi ní tèmi sọ ọ́ ní àyẹ̀wò abẹ́rẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ ìyá òun ni, abẹ́rẹ́ ni òun á ní kó lọ ṣe, àmọ́ a kì í fi okùn fa àgbàlagbà lọ síbi irú rẹ̀. Èmi ni n ó pinnu.

Mo bínú sí i. Kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo bínú sí i. Bí nǹkan kan bá wà láyé tí n kò fẹ́ràn, “bóyá” ni. Oníbàárà tó bá sọ fún mi pé kí n ṣá ṣe é bákan, mo máa ń dá aṣọ rẹ̀ padà fún un ni. Èmi ni wọ́n wá fún ní “bóyá” mú relé, inú àyà mi ló sì wà.

Èmi fúnra mi ni mo rí kókó náà, ìdí iṣẹ́ ni mo sì ti rí i. Ìjọ kan lójú ọ̀nà Ìdíròkò gbé aṣọ kwáyà fún mi, aṣọ pupa fòò tó ní ọrùn funfun, tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí àpéjọ ńlá wọn. Kí n tó gé gbogbo rẹ̀, mo máa ń rán ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ, n ó sì wọ̀ ọ́ níwájú dígí kí n lè mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe jókòó. Ibi tí mo ti ń fi píìnì há ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà ni ìka mi ti kan nǹkan bí ẹ̀wà tí a kò tíì rẹ sómi. Mo rò pé bọ́tìnnì ló já sínú aṣọ. Mo bọ́ ọ, mo gbọ̀n ọ́n, kò sí bọ́tìnnì. Mo fọwọ́ kan ara mi, ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí, nítorí iṣẹ́ náà ló bá mi pinnu nígbẹ̀yìn. Mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ní Sángó láti ìgbà tó jẹ́ pé àwọn oníléeṣẹ́ nìkan la mọ̀ níbẹ̀. Màmá Ṣítù ló kọ́ mi níṣẹ́, Àwórì pọ́ńbélé, ọmọ Ọ̀tà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ófáróòlù àwọn òṣìṣẹ́ la máa ń rán nígbà yẹn, ti àwọn tó ń yọ́ irin, ti àwọn tó ń ṣe ike, ti àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì. Aṣọ tó nípọn ni, ó máa ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì lẹ́wà kankan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ di ọgbà àdúrà, igbó tí a ti ń ṣẹ́gi di yunifásítì, ilé hù káàkiri bí olú. Kí a tó mọ̀, ẹni tó ń rán ófáróòlù lánàá ti ń rán aṣọ kwáyà àti gáùn àwọn tó ń gboyè.

Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n kò sí ohùn kan nínú kwáyà tí n kò mọ bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń níkùn. Ẹni bá fẹ́ gé aṣọ wọn kó fi aṣọ lé e níwájú. Àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn òkè a máa fẹ́ kí ọrùn aṣọ fún wọn láàyè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èémí. Àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ló ń dá mi lágara jù. Wọ́n á ní kí n mú gáùn náà mọ́ àwọn nídìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé gáùn orí ni, kì í ṣe gáùn ìdí.

Nǹkan kan wà tí Màmá Ṣítù fi kọ́ mi tí n kò fi ṣeré rí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ta aṣọ fún un pé òwú gidi ni. Ó fi rán ófáróòlù fún àwọn tó ń yọ́ irin. Àṣé rọ́bà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Iná ta sí ọkùnrin kan lápá, dípò kí aṣọ jó, kí iná sì kú, ńṣe ló yọ́, ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ náà, aṣọ kan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó má fa fọ́nrán òwú kan yọ ní etí rẹ̀, kó sì ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, tí eérú rẹ̀ kúnná, òwú ni. Bó bá yọ́, tó ká jọ, tó di kókó dúdú líle, rọ́bà wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń ní ẹnu ẹni tó ń ta aṣọ kọ́ la fi ń rán aṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gba èsì ni mo sọ fún ọkọ mi. Wẹ́dà ni Bàbá Bàṣírù, iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, ṣùgbọ́n ibi tó wù ú ló mú níbẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n sọ pé jẹjẹrẹ ni. Mo ní wọn ò sọ pé òun ni, wọn ò sì sọ pé òun kọ́. Ó ní ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ ọ́. Ló bá ní Alhamdulilahi, ló bá forí kanlẹ̀ níbi tó wà.

N kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Múìbátù, tó ń gbé ní Àtàn, ní irú kókó yìí. Ó gbé e pamọ́ títí ó fi di egbò. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n gé ọmú náà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú. Ohun tí ẹbí mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n gé e, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé irin kì í kan kókó ọmú. Bí irin bá kàn án, ńṣe ló ń tú ká gbogbo ara.

Kí n tó mọ̀, Bàbá Bàṣírù ti ránṣẹ́ sí ẹbí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó ṣe sàráà. Wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n da epo sí agbada níwájú ilé wa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àlùfáà dé, ó gbàdúrà gígùn, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti mú ibi náà fò wá ru. Àwọn ọmọ àdúgbò gba àkàrà tiwọn, wọ́n sá lọ. Àwọn àgbà ń wí pé a bá yín yọ̀, a bá yín yọ̀. Èmi náà dúró láàárín wọn, mo fi ìbòrí tuntun borí, mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá kwáyà tó gbéṣẹ́ fún mi bá wa níbẹ̀. Mọ́mì Kwáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wá nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí yunifásítì, ó sì ti di oníbàárà mi, ó ti di ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló bá wá, wọ́n fún un ní àkàrà, wọ́n sọ ìdí ọpẹ́ fún un. Ó dì mọ́ mi. Ó ní bó bá di Sọ́ńdè, òun á bá mi jẹ́rìí níwájú ìjọ. Àkàrà wà lẹ́nu mi, n kò lè sọ pé kó má ṣe é.

Ó sì ṣe é lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí àwọn kwáyà ṣe ń wá wọn aṣọ wò ni wọ́n ń kí mi kú oríire. Mọ́ṣáláṣí ti parí ọ̀rọ̀ mi, ṣọ́ọ̀ṣì náà ti parí rẹ̀, èmi tí mo lọ́mú nìkan ni ọ̀rọ̀ ò tíì parí lọ́dọ̀ mi.

Ara mi kò wá gba ìjókòó mọ́. N ó jókòó ti ẹ̀rọ, n ó dìde. N ó ní kí n lọ mu omi, n ó dé ìdí omi, n ó gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo rán apá òsì mọ́ ojú apá ọ̀tún. Mo tú u, mo tún rán an bẹ́ẹ̀. Mo rán ọrùn aṣọ kan pa pátápátá, orí kankan ò lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wo ara wọn, wọn ò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi òsì sì ti di olè, bí n kò bá ṣọ́ ọ, ó ti wọ abẹ́ aṣọ lọ wo ibi tí kókó náà wà. Bí mo bá sì ń wọn àyà obìnrin, téèpù mi a máa pẹ́ lára wọn, torí mo ń bá wọn wá ohun tí wọn ò sọ pé ó sọ nù. Obìnrin kan bi mí pé ṣé òun ti sanra ni.

Mo padà lọ bá dókítà náà ní Sángó nítorí ọ̀rọ̀ irin. Mo bi í pé ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ò ní tú u ká. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń tú u ká, pípẹ́ ni; ọ̀pọ̀ àwọn tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló jẹ́ pé ó ti rìn jìnnà nínú ara wọn kí wọ́n tó wá. Ó wá bi mí báwo ni ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n gbé e dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ egbò náà, ó ju ọsàn lọ.

Mo délé, síbẹ̀ n kò lọ ṣe é. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó ti bọ́ sórí àkàrà. Mo gbìyànjú láti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Bàbá Bàṣírù, ó sì fi gbólóhùn kan dí mi lẹ́nu. Ó ní, “A ti dúpẹ́. Ṣé a ó wá padà lọ sọ fún Ọlọ́run pé ọpẹ́ wa ti yá jù?” Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Mo ń rò ó pé bí mo bá lọ, tí wọ́n sì bá nǹkan níbẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo fi iyèméjì pè é padà.

Báyìí ni mo ṣe wà títí Mùdáṣírù fi gbé aṣọ wá. Òun ni ọmọkùnrin tó máa ń kó aṣọ wá fún mi láti Èkó. Aṣọ dúdú ló kó wá lọ́jọ́ yẹn, fún gáùn yunifásítì kan tó ní òwú gidi ni àwọn fẹ́, nítorí ooru máa ń pa àwọn ọmọ níbi ìgboyè. Ó gbé e sílẹ̀, ó ń yin ọjà rẹ̀. Ọwọ́ mi ti ṣe ohun tó máa ń ṣe: mo fa fọ́nrán kan yọ ní etí rẹ̀, mo ṣáná.

Ó ní, “Ìyá Bàṣírù, láti ọjọ́ tí mo ti ń kó aṣọ wá fún yín, ẹ ò tíì gbà mí gbọ́ síbẹ̀?”

Mo ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni.”

Fọ́nrán náà jó bíi bébà. Òwú ni, bó ṣe wí. Mùdáṣírù rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó kí mi pé ó dàbọ̀, kò bínú rárá. Èmi nìkan ló kù níwájú aṣọ dúdú náà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àìmọye aláṣọ, n kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ rí. Ọmọkùnrin yìí kò parọ́ fún mi rí, mo sì ń dánná sí aṣọ rẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀rẹ́ wa kò bàjẹ́. Mo ti ń ṣe é fún aṣọ onígbàgbọ́, mo ti ń ṣe é fún aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, ara tèmi wá ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu rán.

N kò dúró kí ìgboyà náà tutù. Bí Bàbá Bàṣírù ṣe dé láti ibi iṣẹ́, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń tú okùn bàtà rẹ̀, mo lọ dúró síwájú rẹ̀.

Mo ní, “Mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ yẹn.”

Kò gbójú sókè. “A ti ṣe sàráà, Ìyá Bàṣírù.”

“Sàráà wa ò ṣòfò. A dúpẹ́ pé mo wà láàyè, a dúpẹ́ pé mo tètè fọwọ́ kàn án. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni.”

“Bí wọ́n bá wá ní òun ni ńkọ́?”

“A jẹ́ pé òun náà ni lọ́jọ́ tí à ń jẹ àkàrà.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn bàtà. Mo rò pé ó máa bínú. Nígbà tó gbójú sókè, omi ló kún un lójú, ọkùnrin tí n kò rí kó sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ní, “Èmi ni mo gbé Múìbátù wọkọ̀. Ó ní òun ò lọ, èmi ni mo gbé e.” A ti jọ ń gbé látìgbà èwe wa, n kò mọ̀ pé ẹrù tó ń gbé kiri nìyẹn. Ó ti gbà pé òun ló gbé ẹ̀gbọ́n òun fún irin.

Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Mo ní, “Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ kí ẹ gbé wọn ni. Kò sí ẹni tó máa gbé èmi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi rìn lọ.”

Wọ́n pe ìrun, ó dìde, ó lọ. Ọjọ́ tí mo máa lọ sí Èkó, mo ti wọṣọ tán, mo ń wá ìbòrí mi, ni mo rí i tó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tọrọ ààyè níbi iṣẹ́.

Kò wọ yàrá bá mi ṣá. Ó ní òun á dúró níta. Wọ́n pa ojú ibẹ̀ kú, dókítà ibẹ̀ sì fi abẹ́rẹ́ náà hàn mí nígbà tí mo ní kí n rí i. Abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ mi, n kò lè jẹ́ kí èyí tí n kò rí wọ̀ mí lára. Ó nípọn ju ti ẹ̀rọ mi lọ, ihò sì wà nínú rẹ̀. Ó dún kẹ́, mo gbọ̀n. Ó tún dún kẹ́. Ohun tó yọ kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ. Dókítà fi í sínú ìgò omi kékeré, ó lẹ orúkọ mi mọ́ ọn lára, ó sì parí.

Dídúró de èsì tún wá burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àpéjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ kwáyà ò tíì ní bọ́tìnnì. Mọ́mì Kwáyà wá wo ibi tí iṣẹ́ dé, mo sì sọ fún un pé mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní òun ti jẹ́rìí ná. Mo ní ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ó kàn ṣáájú èsì ni. N kò mọ̀ bóyá inú bí i. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó gba abẹ́rẹ́, ó ń bá wa gán bọ́tìnnì títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò mọ bọ́tìnnì í gán, mo tú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ èsì, dókítà Èkó náà fi àga sún mọ́ mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó kéré, pé bí wọ́n ṣe rí i kò tíì dé abíyá, pé ìgbà tó yẹ kí èèyàn wá ni mo wá. Mo retí pé n ó ké, igbe ò wá. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi òsì wà lórí itan mi, ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò wá nǹkan kan kiri mọ́.

Bàbá Bàṣírù wà lábẹ́ igi níta, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Òun ni. Ó ṣì kéré.” Ó jókòó sórí bíríkì kan. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ká padà wá?”

Wọ́n gé ọmú òsì náà. Oògùn tó tẹ̀ lé e kó mi nírun lọ, ó kó mi ní adùn ẹnu lọ, apá mi ò sì lè gbé sísọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gé, èmi ń jókòó, mo ń fi ẹnu tọ́ka, mo sì ń bínú sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn méjì nínú wọn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn báyìí, wọ́n sì ń rán gáùn tó dára ju tèmi lọ, bí wọn ò bá tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ tí apá mi kọ́kọ́ lè gbé sísọ́ọ̀sì, n kò fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Mo mú àǹkárá kan tí mo ti rà sílẹ̀ tipẹ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ ara sílẹ̀ níwájú dígí, mo sì na téèpù. Mo mọ ìwọ̀n mi àtijọ́ lórí, n kò lò ó. Mo wọn ọ̀tún bí ọ̀tún ṣe rí, mo wọn òsì bí òsì ṣe rí, mo gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo rán an. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, ó bá mi mu.